ẸSẸ̀ KAN ṢOṢO LÓ FI WA KẸ̀KẸ́ LA GHANA JÁ! ILÉ LÓ TI KẸ́ṢỌ̀Ọ́ RÒDE

Irínwó máìlì kì í ṣe ọ̀nà oko ẹ̀gàn. Bí a bá fi ojú ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá wọ̀n ọ́n, bí ẹni tó rin Èkó sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀marùn-ún ni. Ọmọ Ghana kan, Emmanuel Ofosu Yeboah, fi kẹ̀kẹ́ ológeere rin ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2001, ó sì fi ọjọ́ mẹ́wàá parí rẹ̀. Kì í ṣe alùpùpù o, kẹ̀kẹ́ tí à ń fẹsẹ̀ wà ni. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló sì fi ń tẹ pẹ́dàlì láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ kẹwàá, nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò wúlò láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn yìí lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ìyanu ni ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí. Kò burú, Ọlọ́run lọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà yóò rí i pé ọjọ́ mẹ́wàá tí aráyé rí lójú títì kéré púpọ̀ sí ọjọ́ tí wọn ò rí. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Níbi ìmúrasílẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

ỌMỌ ÌYÁ TÓ Ń TA Ẹ̀FỌ́

Ọdún 1977 ni wọ́n bí Emmanuel. Egungun ojúgun kò sí nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ẹsẹ̀ náà rọ, kò ṣeé fi tẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Comfort ló dúró tì í, ẹ̀fọ́ tó ń tà lọ́jà ló sì fi ń bọ́ ọmọ.

Kò sí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà nígbà náà pé èpè ni ọmọ tí a bá bí báyìí, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ òbí ló ń jẹ. Comfort ò fi tiwọn ṣe. Ó pọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Nígbà tí ọmọ wúwo ju ohun tí ẹ̀yìn lè gbé lọ, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan fò lọ fúnra rẹ̀, máìlì méjì ní àlọ, máìlì méjì ní àbọ̀. Ṣé ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ òsì yẹn ti ń kọ́ṣẹ́?

Nílé ìwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ bá a ṣeré. Ó tu kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ jọ, ó ra bọ́ọ̀lù, ló bá di pé ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù yẹn, àfi kó gba Emmanuel mọ́ra. Orí ọ̀pá ìtìlẹ̀ ló ti ń gbá a. Nígbà tó ṣe, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, òun náà ní òun fẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń tì í lẹ́yìn. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, títí ó fi mọ̀ ọ́n gùn.

Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó wọ Accra lọ wá iṣẹ́. Iṣẹ́ bàtà dídán ló rí, bíi dọ́là méjì ló sì ń rí lójúmọ́. Bó bá jẹ́ pé ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì tó na ọwọ́ ni, owó tí alágbe ń rí lójúmọ́ nígbà náà lè tó dọ́là mẹ́wàá. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: owó iṣẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún owó agbe. Síbẹ̀, ó ní bàtà ni òun máa dán. Ọdún 1997 ni ìyá rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ tó fi sílẹ̀ fún un ni pé kò gbọdọ̀ ṣagbe, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ òun mọ́lẹ̀ nítorí ẹsẹ̀.

LẸ́TÀ TÍ KÒ TỌRỌ OWÓ

Ibẹ̀ ni èrò tuntun ti dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rò ó pé bí òun bá ń sọ fún ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan pé aláàbọ̀ ara lè ṣiṣẹ́, ọjọ́ á pẹ́. Kí òun kúkú jẹ́ kí gbogbo ìlú fojú ara wọn rí i. Kí òun gun kẹ̀kẹ́ la Ghana já.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ dà? Ó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ kan ní San Diego, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Challenged Athletes Foundation. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí ni kí wọ́n ran àwọn aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ láti ṣe eré ìdárayá. Ohun tó ya àwọn tó ka lẹ́tà náà lẹ́nu ni ohun tó béèrè. Kò tọrọ owó oúnjẹ, kò tọrọ owó ilé. Kẹ̀kẹ́ ló béèrè. Bí ọmọ iṣẹ́ tó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló rí, tó ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan, òun á fi ọwọ́ ara òun jẹun. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú akoto, ṣòkòtò ìgunkẹ̀kẹ́ àti ìbọ̀wọ́.

Irú ìrìn báyìí, tí ènìyàn ń fi kẹ̀kẹ́ rin ọ̀nà jíjìn nítorí ẹlòmíràn, kì í ṣe àjèjì lókè òkun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó fẹ́ gùn ún á lọ bá ará, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá ibi iṣẹ́, á ní òun fẹ́ rin máìlì báyìí báyìí fún ilé ìwòsàn tàbí fún àwọn aláìsàn kan, kí kálukú dá owó tí agbára rẹ̀ ká. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń lọ láti London sí Brighton, máìlì 54. Lẹ́yìn náà ló di ti ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àrùn ọkàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì ń bá wọn gùn ún. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 36 péré ló bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Pan-Mass Challenge lọ́dún 1980, owó tí wọ́n rí lọ́dún náà kò ju nǹkan bíi ẹgbàárùn-ún dọ́là lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, àpapọ̀ owó tí wọ́n ti kó jọ fún ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ti kọjá bílíọ̀nù dọ́là kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ti Emmanuel yàtọ̀ díẹ̀. Owó kọ́ ló jẹ ẹ́ lógún jù. Ojú tí wọ́n fi ń wo aláàbọ̀ ara ló fẹ́ yí padà. Ṣùgbọ́n bóyá owó lèèyàn ń wá ni o, bóyá iyì ni o, ẹsẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀. Máìlì ni máìlì ń jẹ́. Ẹni tí kò bá múra sílẹ̀, ojú ọ̀nà á dójú tì í.

ÀJỌ NI ARA Ń DÁ

Bí ara ṣe ń gba agbára kò yàtọ̀ sí bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń dá àjọ. Ẹni tó ń dá àjọ kì í kó owó oṣù mẹ́ta fún alájọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojoojúmọ́ ni, díẹ̀díẹ̀ ni, ìparí oṣù ni wọ́n ń kó o. Ẹsẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gun ogójì máìlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láìtíì gun márùn-ún rí, orúnkún rẹ̀ á wú, ìdí rẹ̀ á bó, ọ̀sẹ̀ méjì lá fi dùbúlẹ̀. Ohun tó kó jọ ti tú ká nìyẹn.

Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò sì gun kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn rí, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló yẹ kó fi múra. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, máìlì márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, láìkánjú, débi pé bó bá ń gùn ún lọ, á ṣì lè bá ẹlòmíràn tàkúrọ̀sọ láìmí gúlegúle. Lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ ni yóò máa fi díẹ̀ kún un. Òfin tí àwọn olùkọ́ eré kẹ̀kẹ́ máa ń tẹ̀ lé ni pé kí àfikún ọ̀sẹ̀ kan má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó gun 30 máìlì lápapọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó gun 33 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó dín in kù lọ́sẹ̀ kẹrin kí ara lè sinmi.

Ìsinmi yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Lójú ọ̀nà ni iṣan ti ń fà ya díẹ̀díẹ̀, lórí ibùsùn ni ó ti ń san, bó bá sì san tán, á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alágbàṣe tó bá ti ru bíríkì rí mọ èyí dáadáa: ọjọ́ kìíní, èjìká ń ro ó, ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń kọrin lábẹ́ ẹrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn bá ń sún mọ́lé, ó ní ohun kan tí ẹni tó máa rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kò gbọdọ̀ fojú fò. Kó gun ọ̀nà jíjìn ní Sátidé, kó sì tún gùn ún ní Sọ́ńdè. Gígùn ọjọ́ kan kò le bíi kéèyàn jí lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú itan tó ń ro, kó tún padà jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Irínwó máìlì ní ọjọ́ mẹ́wàá, ogójì máìlì lójúmọ́ nìyẹn. Ogójì máìlì ọjọ́ kìíní àti ogójì ọjọ́ keje kì í ṣe ọgbà kan náà rárá.

BÍ ẸSẸ̀ KAN ṢE Ń ṢE IṢẸ́ MÉJÌ

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń wa kẹ̀kẹ́ kì í mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe. Bí ọ̀tún bá ń tẹ pẹ́dàlì lọ sílẹ̀, òsì ń bọ̀ lókè; bí òsì bá ń tẹ̀, ọ̀tún ń bọ̀. Wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ bí obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Mú ọmọ odó kan kúrò, kí ló kù? Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ti tẹ pẹ́dàlì débi ìsàlẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ kejì tó máa tẹ tòdì-kejì kó lè gbé e padà sókè. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti máa ń fẹ́ dúró.

Nítorí náà, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan wa kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ẹsẹ̀ náà ní iṣẹ́ méjì: kó tì, kó sì fà. Ó nílò okùn tàbí ìdè tó máa so bàtà mọ́ pẹ́dàlì, kí ẹsẹ̀ lè fa pẹ́dàlì gòkè bọ̀. Iṣan iwájú itan tó ń tì máa ń yára gbóná. Ti ẹ̀yìn itan àti ti ìbàdí tó ń fà, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ̀ nítorí pé wọn ò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún gbọ́dọ̀ máa lo gíà tó fúyẹ́, kí pẹ́dàlì máa yí kíákíá, kí eré tí kẹ̀kẹ́ ti gbà lè gbé e kọjá ibi tí agbára ti ń tán. Bí kẹ̀kẹ́ bá fi lè rọra jù lórí òkè, ó di kó sọ̀ kalẹ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè fi ẹsẹ̀ yòówù kó wù ú tẹlẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì kan gbọ́dọ̀ rí i pé apá òsì ni kẹ̀kẹ́ ń dá sí nígbà gbogbo, kó sì ti yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ìdè ṣáájú kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Bó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, tí kẹ̀kẹ́ dá sí ọ̀tún, ilẹ̀ ló ń lọ yẹn. Ara sì tún gbọ́dọ̀ jókòó gún, nítorí pé agbára tó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá á fẹ́ máa yí ìbàdí àti ẹ̀yìn sódì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn tó ń kọ́ eré kẹ̀kẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn pé méjèèjì, fi máa ń yọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n fi èyí tó kù dánra wò. Ìṣẹ́jú kan péré, itan á ti máa gbọ̀n. Emmanuel fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe é.

INÚ, ÌDÍ ÀTI OMI

Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń gun kẹ̀kẹ́. Inú náà ń gùn ún. Oúnjẹ onísítáàṣì bí iṣu, ìrẹsì àti gàrí ló ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ló ń tún iṣan ṣe lálẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa gbé iyán wọ ojú ọ̀nà. Bí wákàtí kan bá ti kọjá lórí kẹ̀kẹ́, kí onítọ̀hún máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì, búrẹ́dì, dàbínù. Ẹni tó bá dúró kí ebi tó pa á kó tó jẹun ti pẹ́ jù. Lójijì ni ojú á ṣú, ọwọ́ á máa gbọ̀n, kẹ̀kẹ́ á sì dà bí ẹni pé wọ́n di òkúta mọ́ ọn.

Omi náà bẹ́ẹ̀. Nínú oòrùn ilẹ̀ wa, èèyàn lè nílò omi tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan ṣoṣo, kó sì máa bù ú mu kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Òógùn a sì máa gbé iyọ̀ jáde lára. Ẹni tó bá ń mu omi lásán láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìfi iyọ̀ kankan sẹ́nu lè rí i pé orí ń fọ́ òun, èébì sì ń gbé òun. Ìyá tó ti po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ rí ti mọ ọgbọ́n yìí. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tó fi dára kéèyàn jáde ní ìdájí, kí oòrùn tó mú, kó sinmi lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀rọ̀ ìdí wá kù, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ìdí ló ń dá ọ̀pọ̀ padà sílé kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó bá ga jù á mú ìbàdí máa yí sọ́tùn-ún sósì, èyí tó bá kéré jù á pa orúnkún. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé kí gìgísẹ̀ wà lórí pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ sì nà gbọnrangandan. Ìgbà tí wọ́n bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣòkòtò ìgunkẹ̀kẹ́ ní tìmùtìmù nídìí, a kì í wọ pátá sábẹ́ rẹ̀, torí ojú ìránṣọ pátá ló ń bó ara. Kí wọ́n fi fásílìnì pa ibi tí ara ti ń ra ara.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó kọ́kọ́ rí dókítà kó tó gbé kẹ̀kẹ́ jáde.

FỌKANÁÍSÀ Ò SÍ NÍNÚ IGBÓ

Kẹ̀kẹ́ náà ní ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀. Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe mọ̀ pé ẹnu kì í purọ́ fún irin. Ṣéènì tí kò rí epo á máa ké, á sì máa jẹ agbára ẹni tó ń wà á. Sípóòkù kan tó bá já ń ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sí wàhálà. Táyà tó bá rọ̀ ń mú kí ọ̀nà pẹ́lẹ́bẹ́ dà bí òkè. Bíréèkì tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán, ọ̀rọ̀ ọ̀run ni lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Apá kan ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ rìn lè yọ táyà fúnra rẹ̀, kó wá ibi tí túùbù ti jò, kó lẹ̀ ẹ́, kó sì fi páǹpù fẹ́ ẹ padà. Kó ti ṣe é nílé lọ́pọ̀ ìgbà, kí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, kó tó dé ibi tí kò ti sí fọkanáísà kankan ní máìlì 20. Ọkọ̀ ńlá tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ máa ń fi atẹ́gùn ti ènìyàn sọ́nà, á sì tún fà á mọ́ra lẹ́yìn tó bá kọjá. Ẹni tí kò bá tíì dán an wò rí lè já sí gọ́tà. Aṣọ aláwọ̀ títàn àti akoto kì í ṣe fáàrí.

Ó GBA ÀAFIN KỌJÁ

Ó ṣẹ́ kù ohun kan tí Emmanuel kò fi ṣeré. Ó lọ sí ààfin ọba ilẹ̀ rẹ̀ ní Kyebi, Osagyefuo Amoatia Ofori Panin, láti tọrọ àdúrà àti ìtìlẹ́yìn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú àṣà ilẹ̀ Akan àtijọ́, aláàbọ̀ ara kò gbọdọ̀ dé iwájú ọba. Ọba náà gbà á wọlé, ó sì súre fún un. Ká ní kò gun kẹ̀kẹ́ kọjá géètì ààfin yẹn mọ́, ohun kan ti yí padà ní Ghana lọ́jọ́ náà.

Ó wá bọ́ sójú ọ̀nà. Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ "Pozo" sí, orúkọ tí àwọn ará Ghana fi ń pe arọ. Orúkọ tí wọ́n fi ń bú u ló sọ di àmì ẹ̀yẹ, ó gbé e sí àyà, ó ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú. Ó ń dúró bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, bá àwọn ọmọdé, bá àwọn òṣìṣẹ́ ìròyìn, bá àwọn aláàbọ̀ ara bíi tirẹ̀ tí wọ́n jáde wá wò ó. Àwọn kan lára wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jáde kúrò nínú iyàrá wá síta gbangba nìyẹn.

WÁKÀTÍ MẸ́TA TÍ ẸSẸ̀ KEJÌ DÁ PADÀ

Lẹ́yìn ìrìn yìí, ẹgbẹ́ tó fún un ní kẹ̀kẹ́ pè é wá sí San Diego lọ́dún 2002. Ó bá wọn gun máìlì 56, ó sì fi nǹkan bíi wákàtí méje gùn ún. Máìlì mẹ́jọ ní wákàtí kan nìyẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Ní ọdún 2003, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn Loma Linda ní California gé apá tí kò wúlò nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sí i. Ó padà gun máìlì 56 yẹn lọ́dún kan náà, wákàtí mẹ́rin ló fi gùn ún. Wákàtí mẹ́ta ni ẹsẹ̀ kejì dá padà fún un. Láti inú èyí lèèyàn ti lè mọ irú ẹrù tí ẹsẹ̀ òsì ti ń dá gbé fún ọdún 26.

Ilé iṣẹ́ Nike fún un ní ẹ̀bùn lọ́dún 2003. Ní ọdún 2005, òun àti ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jim MacLaren, jọ gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà Arthur Ashe, wọ́n sì ṣe sinimá nípa ìgbésí ayé rẹ̀ tí wọ́n pè ní Emmanuel's Gift. Oprah Winfrey ló ka ìtàn inú rẹ̀. Emmanuel kò jókòó ti Amẹ́ríkà. Ó padà sílé, ó ń bá wọn pín àga onítáyà fún àwọn tí kò lè rìn, ó sì ń jà fún kí àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara rí ilé ìwé lọ. Ní ọdún 2006, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ghana ṣe òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Òun nìkan kọ́ ló jà fún un o, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tó rí ẹlẹ́sẹ̀ kan lórí kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá kò lè sọ mọ́ pé òun ò rí i.

Nàìjíríà náà ní òfin irú ẹ̀ báyìí. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa yàn ẹ̀dá kankan jẹ nítorí àbùkù ara, ó sì fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún àkàsọ̀ àti ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹni tó bá ń gba ọjà kọjá lórí àga onítáyà lónìí lè sọ bóyá àkàsọ̀ ti yí padà tàbí kò yí.

Òfin wà ní ọwọ́ ìjọba. Èyí tó wà ní ọwọ́ ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ kò ṣòro. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kó kọ́ṣẹ́, kí ọ̀gá má bèèrè ohun tí ọmọ náà kò ní. Kó bèèrè ohun tó lè ṣe. Lẹ́yìn náà, kó fún un ní irinṣẹ́, kó fún un ní àkókò, kó sì jẹ́ kó máa fi díẹ̀ kún ti àná lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹsẹ̀ kan tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan kọ̀ láti gbé sọnù ti la Ghana já. Èwo ló kù tí ọwọ́ méjì tó pé ò lè ṣe?